Ààbò Ìlú àti Òmìnira Ènìyàn: Láti Ọ̀ràn Elékòó dé Ọ̀ràn Liversidge



Ọ̀ràn tí a gbé lé mi lọ́wọ́ kì í ṣe ọ̀ràn kékeré. A ní kí n sọ bí ìjọba ṣe lè máa ṣọ́ ìlú, kí ó ní àwọn amí àti ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ rẹ̀, kí ó má sì tẹ ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn mọ́lẹ̀. Èmi kì í ṣe amòfin, bẹ́ẹ̀ ni n kò ṣe iṣẹ́ ìjọba rí. Ìtàn ni mo lè sọ, nítorí náà ìtàn ni èmi yóò sọ. Ọ̀rọ̀ kékeré kan wà nínú rẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ máa ṣọ́ bí mo ti ń lọ. Ọ̀rọ̀ náà ni "bí", èyí tí a ń lò nígbà tí a bá wí pé, bí òjò bá rọ̀, èmi kì yóò lọ sí oko. Ẹ óò rí i pé ọba kan lo bí ọdún mẹ́fà ní ìgbèkùn nígbà tí àwọn amòfin ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ kékeré yìí.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé òyìnbó ni ó mú iṣẹ́ amí wá sí ilẹ̀ wa. Nígbà tí Ọ̀yọ́ ń jọba lórí ilẹ̀ púpọ̀, Aláàfin a máa fi ajẹ́lẹ̀ sí àwọn ìlú tí ń sìn ín, kí wọ́n máa wo ohun tí ń lọ níbẹ̀, kí wọ́n sì máa ròyìn rẹ̀ fún ọba. Àwọn bàbá wa tí wọ́n gbé ayé ní àkókò ogun ọ̀rúndún kọkàndínlógún mọ̀ pé odi gíga àti yàrà jíjìn kò lè gba ìlú tí kò ní ẹni tí ń ṣọ́nà fún un. Èmi kò bá ìjọba wí nítorí pé ó ní ojú àti etí. Ohun tí mo ń béèrè ni èyí: nígbà tí ojú àti etí náà bá mú ìròyìn wá nípa ẹnìkan, tí a sì dìde mú ẹni náà nítorí ìròyìn yìí, ta ni yóò bi ìjọba pé, kí ni ó ṣe?

Ẹ jẹ́ kí a lọ sí Èkó. Ní ọdún 1861 ni Ọba Dòsùnmú fi ọwọ́ sí ìwé tí ó sọ erékùṣù náà di ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ọmọ rẹ̀, Èṣùgbàyí, gorí ìtẹ́ ní ọdún 1901, kò sí agbára ìjọba kankan mọ́ ní Ìgà Ìdúngànran. Owó díẹ̀ ni ìjọba ń fún ọba, orúkọ oyè ni ó kù. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá rò pé orúkọ oyè kò já mọ́ nǹkankan láàrin Yorùbá, kò mọ Yorùbá. Nígbà tí ìjọba fẹ́ kí àwọn ará Èkó san owó omi ẹ̀rọ, tí wọ́n kọ̀, Elékòó ni ìjọba gbójú lé pé yóò bá wọn sọ̀rọ̀, òun kò sì bá wọn sọ ọ́ bí ìjọba ti fẹ́. Láti ìgbà náà ni ojú ìjọba ti wà lára rẹ̀.

Ní ọdún 1920, Herbert Macaulay bá Olóyè Àmódù Tìjání, Olúwa ti Èkó, lọ sí Lọ́ńdọ̀nù nítorí ẹjọ́ ilẹ̀ Àpápá, èyí tí Olúwa jàre rẹ̀ ní ọdún 1921. Macaulay gbé ọ̀pá àṣẹ Elékòó lọ́wọ́ lọ. Àwọn ìwé ìròyìn ìlú òyìnbó sì kọ̀wé nípa Elékòó bí ẹni pé òun ni ọba gbogbo Nàìjíríà. Inú bí ìjọba gidigidi. Wọ́n ní kí Elékòó rán akéde káàkiri ìlú láti sọ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti òun. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ìjọba kéde pé àwọn kò mọ̀ ọ́n mọ́ gẹ́gẹ́ bí olórí ìdílé ọba Èkó, wọ́n sì dá owó rẹ̀ dúró.

Kí a sọ òtítọ́, ìdí wà fún ìbẹ̀rù ìjọba. Ní ọdún 1918 ni ogun Àdùbí jà ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá nítorí owó orí, tí ẹ̀mí púpọ̀ sì lọ sí i. Gómìnà tí ó bá rántí èyí yóò máa fi etí sílẹ̀ sí ohun gbogbo tí a bá ń sọ ní ààfin ọba. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ohun tí ń ba ènìyàn lẹ́rù, ọ̀tọ̀ ni ohun tí ó lè fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1925, lẹ́yìn tí apá kan nínú ìdílé ọba ti wí pé àwọn rọ̀ ọ́ lóyè, tí ìjọba sì gba ọ̀rọ̀ wọn, a pàṣẹ kí Èṣùgbàyí fi Èkó sílẹ̀, a sì gbé e lọ sí Ọ̀yọ́. Òfin tí ìjọba gbé dání ni òfin ọdún 1917 lórí àwọn olóyè tí a rọ̀ lóyè, èyí tí wọ́n tún ṣe ní ọdún 1925. Ohun tí ó wí kò ṣòro láti yé ni. Bí ẹnìkan bá jẹ́ olóyè. Bí a bá ti rọ̀ ọ́ lóyè. Bí àṣà ìbílẹ̀ bá sì béèrè pé kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kúrò ní àdúgbò náà. Nígbà náà ni Gómìnà lè pàṣẹ kí ó lọ. Ẹ kíyè sí i pé "bí" mẹ́ta ni ó wà níbẹ̀.

Àwọn agbẹjọ́rò Elékòó lọ sí ilé ẹjọ́ láti béèrè ìwé tí àwọn amòfin ń fi èdè Látìnì pè ní habeas corpus. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí ẹni tí ó di ènìyàn mú gbé e wá síwájú adájọ́, kí ó sì sọ ìdí tí ó fi dì í mú. Àwọn adájọ́ ní Èkó kò fẹ́ gbọ́ ọ. Adájọ́ kan kọ̀. Nígbà tí wọ́n lọ bá òmíràn, a ní níwọ̀n bí ti àkọ́kọ́ ti kọ̀, ọ̀rọ̀ náà parí. Ọ̀ràn náà gun òkun lọ sí ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ adájọ́ Ọba ní Lọ́ńdọ̀nù, tí a ń pè ní Privy Council. Ní ọdún 1928 àwọn yẹn dáhùn pé adájọ́ kọ̀ọ̀kan ni ó ní agbára láti gbọ́ irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀, àti pé ojúṣe rẹ̀ ni láti gbọ́ ọ, ìbáà jẹ́ pé ẹlòmíràn ti kọ̀ ọ́. Ní ọdún 1928 kan náà, a fi Macaulay sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà nítorí pé ìwé ìròyìn rẹ̀, Lagos Daily News, tẹ àhesọ kan jáde pé àwọn kan ń gbìmọ̀ láti pa Elékòó. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ń pariwo fún ẹni tí a dè ti di ẹni tí a dè.

A padà wá sí Èkó, a gbọ́ ẹjọ́ náà, Elékòó sì tún jẹ̀bi. Ìdáhùn ìjọba ni pé bí Gómìnà bá ti sọ pé ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí òfin béèrè wà níbẹ̀, ó parí, ilé ẹjọ́ kò gbọdọ̀ yẹ ọ̀rọ̀ Gómìnà wò. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì yóò rántí ìdààmú Fẹ́sítù, nígbà tí Pọ́ọ̀lù ké gbàjarè sí Késárì tí òun kò sì mọ ẹ̀sùn tí òun yóò kọ sínú ìwé tí òun yóò fi ránṣẹ́ pẹ̀lú òǹdè náà. Ojú ti Fẹ́sítù. Kò ti ìjọba Èkó.

Ẹjọ́ náà tún gun òkun, ní ọdún 1931 sì ni ìdájọ́ jáde. Ẹni tí ó kọ ọ́ ni Lord Atkin, ọkùnrin tí a bí ní Ọsirélíà tí a sì tọ́ ní ilẹ̀ Wales. Ó wí pé Gómìnà kì í ṣe adájọ́. Agbára tí òfin fún un ni ó ní, kò sì ní ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí òṣìṣẹ́ ìjọba kankan tí ó lè fọwọ́ kan òmìnira tàbí ohun ìní ọmọ abẹ́ Ọba Gẹ̀ẹ́sì àfi kí ó lè fi hàn níwájú ilé ẹjọ́ pé òfin ni òun tẹ̀lé. Nítorí náà a gbọ́dọ̀ yẹ "bí" mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò: ṣé olóyè ni, ṣé a rọ̀ ọ́ nítòótọ́, ṣé àṣà béèrè pé kí ó lọ?

Ẹ má ṣe rò pé ìbéèrè kẹta yẹn jẹ́ ti eré. Kí ni àṣà wa wí nípa ọba tí a kọ̀? Ní Ọ̀yọ́, Aláàfin tí Ọ̀yọ́ Mèsì bá kọ̀ kì í kó ẹrù lọ sí ìlú mìíràn. A máa ní kí ó ṣí igbá wò ni, ikú ni ìyẹn sì jẹ́. Ní Èkó, òtítọ́ ni pé Akíntóyè lọ sí Abẹ́òkúta ní ọdún 1845, àti pé Kòsọ́kọ́ lọ sí Ẹ̀pẹ́ lẹ́yìn ọdún 1851. Ṣùgbọ́n ogun ni ó lé wọn. Ẹni tí ogun lé kúrò nílé, ṣé a lè sọ pé àṣà ni ó lé e? Lójú tèmi, ìjọba ìbá ti ṣòro fún láti borí lórí ọ̀ràn yìí bí àwọn àgbà bá jókòó jẹ́rìí, èyí sì lè jẹ́ ìdí tí wọn kò fi fẹ́ kí ẹnikẹ́ni béèrè rẹ̀.

A kò gbọ́ ẹjọ́ náà dé òpin. Sir Donald Cameron dé ní ọdún 1931 gẹ́gẹ́ bí Gómìnà tuntun, ó sì yàn láti fi àlàáfíà parí rẹ̀. Sànúsí Olúsì, tí ó wà lórí oyè láti ọdún 1928, fi ìgà sílẹ̀, a sì fún un ní ilé mìíràn. Èṣùgbàyí padà wọ Èkó pẹ̀lú ayọ̀ ńlá. Kò lò ju ọdún kan ó lé díẹ̀ lọ. Ó wàjà ní oṣù kẹwàá ọdún 1932.

Ó kù ẹ̀yìn ìtàn náà, ìlú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ ni ó sì ti ṣẹlẹ̀. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ìdájọ́ Elékòó, irú ìbéèrè kan náà tún dé iwájú Lord Atkin. Nígbà yìí, òyìnbó ni ó wà ní àtìmọ́lé.

Nígbà tí ogun Hitler bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1939, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé ìlànà kan jáde tí a ń pè ní 18B. Ó fún mínísítà ọ̀ràn abẹ́lé ní agbára láti fi ènìyàn sí àtìmọ́lé láìfi ẹ̀sùn kàn án, láìgbé e lọ sí ilé ẹjọ́. Bí a ti kọ́kọ́ kọ ọ́, ó tó bí ọ̀ràn náà bá dá mínísítà lójú. Àwọn aṣòfin kọ̀ ọ́, ìjọba sì yí ọ̀rọ̀ náà padà ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà, ó wá di pé: bí mínísítà bá ní ìdí tí ó tọ́ láti gbàgbọ́ pé ẹnìkan ní àjọṣe pẹ̀lú ọ̀tá.

Nígbà tí ó di oṣù karùn-ún ọdún 1940, ìpayà dé. Jámánì ń ṣẹ́gun ilẹ̀ Faransé, gbogbo ènìyàn sì ń wá ọ̀dàlẹ̀ kiri. Bí ikú ilé kò bá pa ni, tòde kò lè pa ni. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà mọ òwe yìí ní èdè tiwọn. Ewu náà kì í ṣe àlá. Nínú oṣù náà ni a mú Tyler Kent, ọmọ Amẹ́ríkà tí ń ṣiṣẹ́ ìwé àṣírí ní ilé aṣojú Amẹ́ríkà ní Lọ́ńdọ̀nù. A bá ẹ̀dà ìwé àṣírí tí ó lé ní 1,000 nínú yàrá rẹ̀, ìwé tí Churchill àti Ààrẹ Roosevelt kọ sí ara wọn sì wà nínú wọn. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ṣe fún un: wọ́n fi ẹ̀sùn kàn án, wọ́n gbé e lọ síwájú adájọ́, wọ́n ti ilẹ̀kùn ilé ẹjọ́ kí àṣírí má baà tú, a sì rán an ní ẹ̀wọ̀n ọdún méje. Bí a bá lè dá ẹjọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ kí àṣírí ìlú má sì bàjẹ́, ó yẹ kí a ronú kí a tó gbà pé kò ṣeé ṣe fún ẹlòmíràn.

Ó ju 1,000 ènìyàn lọ tí ó wà ní àtìmọ́lé lábẹ́ 18B kí ọdún náà tó parí. Ìgbìmọ̀ kan wà tí Norman Birkett jẹ́ alága rẹ̀ tí ń gbọ́ ẹ̀bẹ̀ wọn, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn lásán ni ó lè fún mínísítà. Ọ̀kan nínú àwọn tí a mú ni Robert Liversidge, ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfúrufú. Ó pe mínísítà, Sir John Anderson, lẹ́jọ́ pé ó tì í mọ́lé láìtọ́, ó sì béèrè pé: kí ni ìdí tí ẹ ní? Mínísítà kò dáhùn. Ó ní òun ti fọwọ́ sí àṣẹ náà, ìyẹn sì tó.

Ní ọjọ́ kẹta oṣù kọkànlá ọdún 1941, àwọn adájọ́ márùn-ún ti Ilé Àwọn Olóyè dá ẹjọ́ náà. Mẹ́rin gbà pé bí mínísítà bá rò nínú ọkàn rẹ̀ pé òun ní ìdí tí ó tọ́, ó ti ní i nìyẹn. Atkin nìkan ni ó kọ̀. Ó ní ọ̀tọ̀ ni kí ọrùn ẹsẹ̀ ènìyàn ṣẹ́, ọ̀tọ̀ ni kí ó rò pé ó ṣẹ́. Àwa ìbá wí pé: ọ̀tọ̀ ni kí owó wà lápò ènìyàn, ọ̀tọ̀ ni kí ó rò pé owó wà níbẹ̀, ẹni tí ó bá dé ọjà ni yóò mọ̀. Ó tún wí pé òfin kì í yadi nítorí pé ìbọn ń dún, àti pé àwọn adájọ́ kan ti fẹ́ ṣe ti ìjọba ju bí ìjọba fúnra rẹ̀ ti ṣe lọ. Ọ̀rọ̀ yìí dun àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Viscount Maugham, tí ó jókòó pẹ̀lú rẹ̀ lórí ẹjọ́ náà, kọ lẹ́tà ẹ̀hónú sí ìwé ìròyìn The Times.

Mo ti ń ronú púpọ̀ lórí èdè wa nínú ọ̀ràn yìí. Ìyàtọ̀ ohùn díẹ̀ ni ó wà láàrin "bí" tí a fi ń sọ ohun tí a kò tíì mọ̀ dájú àti "bi" tí a fi ń bi ènìyàn léèrè. Níbi tí òfin bá ti kọ "bí", àyè ti ṣí sílẹ̀ fún adájọ́ láti bi ẹnìkan. Bí a bá wá sọ pé ẹni tí ó mú ènìyàn náà ni yóò dá ara rẹ̀ lóhùn, a ti di agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, ẹ sì mọ orúkọ tí àwọn àgbà ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Ohun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe fún ara wọn ní ilé, wọ́n ṣe é ní ilẹ̀ wa pẹ̀lú. Michael Imoudu, olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ rélùwéè, ni a mú ní ọdún 1943 lábẹ́ òfin àkókò ogun, a sì lé e lọ sí Auchi títí di ọdún 1945. Rélùwéè ni ó ń gbé oúnjẹ àti ọmọ ogun, mo sì gbà pé ìjọba kò lè fi ojú yẹpẹrẹ wo ìdádúró iṣẹ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n owó oúnjẹ tí ó wọ́n ni Imoudu ń jà fún. Kò bá Hitler ṣe nǹkankan. Ní ọdún 1943 kan náà, Churchill fúnra rẹ̀ kọ̀wé láti Káírò, nígbà tí a fẹ́ dá Oswald Mosley sílẹ̀, pé ohun ìríra ni kí ìjọba máa ti ènìyàn mọ́lé láìfi ẹ̀sùn kàn án. Ìwé náà kò dé Auchi.

Atkin kú ní ọdún 1944. Ní ọdún 1979, ọdún márùndínlógójì lẹ́yìn ikú rẹ̀, Lord Diplock sọ ní Ilé Àwọn Olóyè kan náà pé ó tó àkókò láti gbà pé àwọn mẹ́rin náà ṣì í, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a lè fi orí jì wọ́n nítorí àkókò tí wọ́n wà.

Ní ilẹ̀ tiwa, ìdájọ́ Elékòó wà nínú ìwé, àwọn ọmọ amòfin sì ń kà á. Èyí kò dí ìjọba ológun lọ́wọ́ ní ọdún 1984 láti gbé àṣẹ kan jáde tí gbogbo ìlú mọ̀ sí Decree 2. Ó fún olóyè ológun kan ní agbára láti ti ènìyàn mọ́lé nítorí ààbò ìjọba bí ó bá ti dá a lójú pé ó yẹ. Ẹ rántí ọdún 1939: ọ̀rọ̀ tí àwọn aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì kọ̀ nínú ogun ni àwọn tiwa mú padà wá ní àkókò àlàáfíà. Wọ́n sì fi kún un pé kò sí ilé ẹjọ́ tí ó gbọdọ̀ gbọ́ ẹjọ́ kankan lórí rẹ̀. Níbi tí Atkin ti lè jiyàn pẹ̀lú àwọn mẹ́rin, kò sí àyè ìjiyàn níhìn-ín.

Ní ọdún 1996 mo jẹ́ díákónì, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Àwọn ọkùnrin kan wá ní òru, wọ́n mú ọmọ ìjọ wa kan, olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́. N kò ní í dárúkọ rẹ̀, n kò sì ní í dárúkọ ibi tí a mú un lọ. Bàbá àlùfáà ní kí èmi máa bá aya rẹ̀ lọ. Ọjọ́ mẹ́tàlá ni a fi gbé abọ́ oúnjẹ lọ sí ẹnu ọ̀nà kan, ọjọ́ mẹ́tàlá ni a sì sọ fún wa pé kò sí ẹni tí ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrìnlá, ọkùnrin tí ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà gba abọ́ náà, kò sọ̀rọ̀. Nígbà tí a padà dé ní ọjọ́ kejì, ó dá abọ́ òfìfo padà fún wa. Obìnrin náà jókòó sílẹ̀ nínú eruku, ó gbá abọ́ náà mọ́ra, ó ń rẹ́rìn-ín. Lọ́yà tí a lọ bá ti sọ fún wa tẹ́lẹ̀ pé kò sí ohun tí òun lè kọ síwájú adájọ́, nítorí pé òfin ti di adájọ́ lẹ́nu.

A fagi lé Decree 2 ní ọdún 1999. Òfin ìpìlẹ̀ ọdún náà wí, ní ìpín 35, pé ẹni tí a bá mú gbọ́dọ̀ gbọ́ ìdí rẹ̀ ní kíkọ láàrin wákàtí 24, ní èdè tí ó yé e. Kí a sì gbé e dé ilé ẹjọ́ láàrin ọjọ́ kan bí ilé ẹjọ́ bá wà láàrin kìlómítà 40, tàbí ọjọ́ méjì bí ó bá jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìpín 45 gba ìjọba láàyè láti ṣe òfin nítorí ààbò ìlú, bí irú òfin bẹ́ẹ̀ bá tọ́ ní ìlú tí ó ń ṣe ìjọba àwa-ara-wa. "Bí" náà ti padà. Àwọn adájọ́ ni yóò sọ ohun tí ó túmọ̀ sí ní ọ̀ràn kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn tí ẹnìkan bá ti gbé ọ̀ràn náà dé iwájú wọn.

Olùkọ́ náà padà sílé lẹ́yìn oṣù mẹ́rin. A fún un ní ìwé kékeré kan tí ó sọ pé a dá a sílẹ̀. Ó fi hàn mí ní ọdún tí ó kọjá. Orúkọ rẹ̀ wà lórí rẹ̀, ọjọ́ tí a dá a sílẹ̀ wà lórí rẹ̀. Ibi tí ó yẹ kí a kọ ìdí tí a fi mú un sí ṣófo.